Okùn Tí Ìyàwó Mi Ń Yìn

Ọkùnrin tó ń gbé lókè ilé wa ní Nyékonakpoè, ní Lomé, ra ẹ̀rọ mi. Kì í ṣe pé ó rà á lọ́wọ́ mi o. Ó ra irú rẹ̀ gan-an, àwọ̀ kan náà, bọ́tìnnì kan náà, lọ́wọ́ ọlọ́jà kan náà ní Dékon, lẹ́yìn tó ti jókòó ní pálọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, tó mu omi mi, tó bi mí ní ìbéèrè bí ogún, tó sì ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà kó lè mọ ibi tí olúkúlùkù nǹkan ń wọ̀. Mo kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kìn-ín-ní. Ẹlòmíràn lè ní èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ní ohun kan rí tó jẹ́ pé òun nìkan ló ní in nínú gbogbo ilé.

Ẹ̀rọ kékeré ni, kò ju ìwé àdúrà lọ. Orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà lásán ni. Ẹ̀rọ yìí ló ń sọ nọ́ńbà náà di ohùn, tí ohùn náà yóò wá gba inú áńpù dé sípíkà. Àwọn ọlọ́jà ń pè é ní convertisseur. Èmi pè é ní ayíhùn, mo sì retí pé kí àwọn ará ilé mi náà pè é bẹ́ẹ̀. Wáyà kan ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, wáyà yúésìbì, orí rẹ̀ kan pẹlẹbẹ, orí kejì rí bí ilé kékeré onígun mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ wáyà yìí ni mo jókòó láti sọ.

Ìyàwó mi ń ránṣọ ní Bè-Kpota láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí dé Sátidé. Èmi ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣe ìwé ẹrù tó ń gba èbúté jáde, ojú mi kì í kúrò lórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀sán Sọ́ńdè nìkan ló kù fún wa. Tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a ti jẹun, a ó jókòó sórí àga gígùn, èmi á fi orin sí i, òun á máa gán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ oníbàárà, tàbí kó kàn gbé ẹsẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo lè sọ láìṣàbòsí pé torí wákàtí méjì yẹn ni mo ṣe ń fara da ọjọ́ mẹ́fà yòókù.

Wáyà tó bá ẹ̀rọ náà wá nínú páálí wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Orí rẹ̀ ti ń mì nínú ihò. Bí firíìjì bá tan, ta-ta-ta. Bí ẹnikẹ́ni bá rìn kọjá níwájú tábìlì, akọrin á já lẹ́nu ọ̀rọ̀, á tún fò síwájú. Ní Sọ́ńdè kan, ìyàwó mi sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

"Orin rẹ yìí mà ń ta bí àgbàdo lórí iná."

Mo ní, "A kì í sọ pé orin ń ta. Ó ń já ni."

Ó wò mí títí. Ó ká aṣọ tó ń rán. Ó ní, "Jẹ́ kí n lọ kí ẹ̀gbọ́n lókè."

Ẹ̀gbọ́n! Kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀. Agbègbè Pọ́bẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n ti bí ọkùnrin náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí ìyàwó mi. Nago ni àwọn méjèèjì, Yorùbá ti ìhà ọ̀hún. Èmi ará Ọ̀ṣogbo ni. Ìyá onílé wa, tó jẹ́ ẹ̀yà Mina, Anago ló ń pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n èmi rí i. Bí àwọn méjèèjì bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ kúrú, wọ́n á fi Faransé há a láàárín, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń rín, wọ́n ti dé orí òmíràn. Èmi tí mo gboyè nínú èdè Yorùbá ní yunifásítì, tí iṣẹ́ àṣekágbá mi sì dá lórí àmì ohùn!

Ọkùnrin yìí kì í sì í pè mí ní ẹ̀yin. "O káàárọ̀" ló máa ń kí mi lórí àtẹ̀gùn. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní nílùú tàwọn, ẹnì kan ni ẹnì kan, kò lè di méjì torí pé ó dàgbà. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn, ẹ̀rín náà ni mo sì ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó fa ẹ̀rín.

Ìyàwó tirẹ̀ wà ní Kùtọnu lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo mẹ́nu kan èyí torí pé ó yẹ kó wà nínú ẹjọ́.

Bí Sọ́ńdè ṣe ń gorí Sọ́ńdè nìyẹn tí mò ń dá jókòó sórí àga gígùn, tí orin òkè ń gba inú dẹ́kìn wá bá mi. Ó mọ́ gaara. Kò já rárá. Ẹ̀rọ kan náà o! Mo wá mọ ìró àga tirẹ̀ yàtọ̀ sí ìró àga àlejò. Tàlejò ní ẹsẹ̀ kan tó gùn ju ìyókù lọ, ó máa ń dún "kó!" kó tó fìdí múlẹ̀. Bí mo bá gbọ́ "kó" yẹn, mo mọ̀ pé ìyàwó mi ti jókòó. Màá wá máa retí ẹ̀rín. Kì í pẹ́ kó tó dé.

Nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀, ìròyìn ló máa ń mú dé. "Ohùn tiwọn mọ́ o. Ẹ̀gbọ́n ní fàdákà wà nínú tàwọn."

"Fàdákà wo? Wáyà yúésìbì kì í mú orin dùn. Bó bá gbé nọ́ńbà dé, ó gbé e dé nìyẹn. Bí kò bá gbé e dé, orin á já. Kò sí ẹ̀kẹta."

"Kí ló wá dé tí fil tiwa fi ń já?"

"Wáyà."

"Wáyà náà ńkọ́, èdè bàbá ta ni?"

Èsì mi gùn, ìyàwó mi sì ti wọ ilé ìdáná kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ fóònù. Mi ò tú fóònù ìyàwó mi, kí èyí wà lákọsílẹ̀. Ó ń wẹ̀, fóònù ń gba iná lórí tábìlì ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ó sì tan fúnra rẹ̀ níwájú mi, mo sì ní ojú. Òótọ́ ni pé mo fi ìka tì í sókè díẹ̀ kí n lè rí ohun tó ṣáájú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi kàwé ní Faransé, bí ẹni tó ń kọ Faransé náà ló sì ṣe ń kọ Yorùbá, kì í fi àmì kankan sí i. Ohun tó kọ sí ọkùnrin òkè nìyí:

"Egbon mi, okoun yin wou mi gan. E ma so foun oko mi o."

Èsì ọkùnrin náà ló sì tan iná: "Pas de souci. Wa ni dimanche, ma fi han e."

Kò séwu, kó wá ní Sọ́ńdè, òun á fi hàn án. Mo jókòó.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé lẹ́tà "okoun" wọ̀nyẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Bí ohùn ìparí bá lọ sílẹ̀, okùn ni, èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́, tí wọ́n fi ń fa omi. Kí ni ìyàwó mi fẹ́ fi okùn ọkùnrin ṣe? Bí ohùn ìbẹ̀rẹ̀ ló bá lọ sílẹ̀, òkun ni. Lóòótọ́, èèyàn lè rí òkun láti ojú fèrèsé òkè, lórí páànù àwọn ará iwájú. Ṣùgbọ́n òkun kì í ṣe tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má sọ fún ọkọ òun pé òun rí òkun ní Lomé, níbi tí gbogbo ìlú ti ń rí i. Ó wá ku ẹ̀kẹta, èyí tí ohùn rẹ̀ méjèèjì wà láàárín. Okun. Agbára ara.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo sáré dé ibẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń yẹ fọ́ọ̀mù ẹrù wò. Ọkùnrin yẹn ló máa ń fi ọwọ́ kan gbé àgbá gáàsì gun àtẹ̀gùn. Òun ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ onírin ìyàwó mi wọlé láti etí títì lọ́jọ́ tí èmi ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Mo kà á. Ó tún wá kọ "yín" sí i. Yín! Ẹni tó ń pè mí ní "o", ìyàwó mi ń fi "yín" bọlá fún un, èmi tí mo fẹ́ ẹ, láti ọdún mẹ́wàá, "rẹ" ni mò ń gbà.

Tó bá jẹ́ pé a máa ń pe wáyà ní okùn nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ náà ì bá tètè yé mi. Ṣùgbọ́n wáyà ni tèmi, fil ni tirẹ̀, lórí ìjà wáyà àti fil yẹn ni a sì wà. Kò sí ẹni tó dárúkọ okùn rí.

Mi ò bi í. Bí mo bá bi í, mo ti jẹ́wọ́ pé mo kà á nìyẹn. Láti Túsìdeè títí dé Fúráìdeè, mò ń wo ẹnu rẹ̀ bó bá ń jẹun, mò ń wo bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn, mò ń wo aṣọ tó yọ sílẹ̀ fún Sọ́ńdè. Ní Tọ́sìdeè, mo gbé àgbá gáàsì tiwa láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà, mo sì gbé e padà. Ó ní, "Gáàsì ti tán ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kí lo wá ń gbé e kiri fún?" Ìbàdí mi ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí di ọjọ́ kejì.

Ní Sátidé, lẹ́yìn iṣẹ́, mo gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan lọ sí Dékon. Ìpinnu mi rọrùn. Mi ò lè ra okun. Orin tó mọ́, mo lè rà á, kí ìyàwó mi lè padà sórí àga gígùn láìní àwáwí kankan lókè.

Ọlọ́jà tó ta ayíhùn fún àwa méjèèjì, Ifẹ̀ ni, àwọn Ifẹ̀ ti Atakpamé, kì í ṣe ti Nàìjíríà. Ó rí mi láti òkèèrè, ó sì fi èdè Mina pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

"Fofo, ẹ káàbọ̀ o! Convertisseur ńkọ́? Ó ń kọrin?"

"Ìdajì orin ló ń kọ. Wáyà rẹ̀ ti bàjẹ́."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú páálí kan jáde bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun. Wáyà náà nípọn bí ìka, orí rẹ̀ ń dán. "Wúrà nìyí, Fofo. Ẹ fi èyí sí i, ohùn á máa gbóná bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde."

"Búrẹ́dì kọ́ ni mo wá rà. Kí ni wúrà náà ń ṣe?"

"Kì í dípẹtà."

"Ṣé inú ọ̀sà ni mo fẹ́ gbé e sí?"

Obìnrin tó ń ta àpò fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo bèèrè iye rẹ̀. Iye tó dá lé e, èèyàn lè fi gba yàrá kan fún oṣù kan ní Zanguéra. Mo dá a padà sínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó mú òmíràn wá, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn débi tí mo fi lè so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ayíhùn ẹlòmíràn ní òpópónà kejì. Mo ṣàlàyé fún un pé bí wáyà yúésìbì bá ti gùn jù, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ńbà á máa bọ́ sọ́nà. Mítà méjì ti pọ̀ jù fún ohun tó wà lórí tábìlì kan náà. Mo fẹ́ èyí tó kúrú, tó nípọn níwọ̀n, tí orí rẹ̀ há dáadáa. Ó gbọ́ mi tán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa nǹkan dúdú kan yọ nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì.

"Èyí ni mo máa ń fún àwọn oní-imprimante."

"Mi ò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé."

"Fofo, ẹ wo orí rẹ̀."

Mo wò ó. Ilé kékeré onígun mẹ́rin ni, òun gan-an. Ó ní kókó kan nítòsí orí, tó ń dí ariwo iná lọ́nà, ó rí bí ọ̀fun ẹni tó gbé kóró iṣin mì. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju mítà kan àtààbọ̀ lọ.

Ọlọ́jà ní, "Wáyà ò mọ ohun tí wọ́n so ó mọ́. Bó bá gbé ìwé láìjẹ́ kí lẹ́tà kan bọ́, ó máa gbé orin."

Mo ní kó fi hàn mí. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní ìsọ̀, ó tẹ ojú ìwé kan. Mo ní kó tún un tẹ̀, kí n máa gbọn wáyà náà bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ máa gbọ̀n ọ́n! Ẹ tiẹ̀ bá a jó!"

Mo gbọ̀n ọ́n. Ìwé náà jáde, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀ lójú wọn, lẹ́tà kan ò bọ́, orí náà ò sì mì. Mo rà á. Oúnjẹ ọ̀sán èèyàn méjì ni owó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá wáyà fún irú ẹ̀rọ yìí, kó gba ìmọ̀ràn mi, kó bèèrè ti imprimante, kó sì gbọ̀n ọ́n.

Mo fi í sí i nírọ̀lẹ́ kí ìyàwó mi tó dé. Firíìjì tan, orin ò já. Mo fi ìgbọ́nwọ́ ti tábìlì, orin ò já. Mi ò sọ fún un. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì dé. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó jẹun kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi orin sí i. Ohùn obìnrin kan jáde bí omi tútù. Ìyàwó mi fọ ọwọ́, ó wá nǹkan nínú àpò ìránṣọ rẹ̀, ó sì kọrí sí ilẹ̀kùn.

"Orin ti mọ́," mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n, mo gbọ́. Mò ń bọ̀ báyìí."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó sáré gùn ún. Mi ò wọ bàtà kí n tó tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀kùn òkè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkùnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù sípíkà, ìdí rẹ̀ ló kọ sí mi. Ìyàwó mi fi fóònù tan iná sí i lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì di tépù ìwọnṣọ mú. "Mítà kan àtààbọ̀," ni ó ń sọ. Ọkùnrin náà yọjú.

"Ah, o káàbọ̀! Wá bá wa di okùn yìí mú, ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo dúró sójú kan. "Kí lo pè é?"

"Kí ni mo pe kí ni?"

"Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ."

"Okùn. Okùn convertisseur. Kí lẹ̀yin ń pè é ní Nàìjíríà?"

Ó pè mí ní ẹ̀yin, ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń bá wí. Mi ò ráyè fún ìyẹn nígbà náà. Ohun tó ti wú nínú mi láti Túsìdeè bú gbàmù. Mo kọjú sí ìyàwó mi, mo ní, "Okùn ni! Ohùn ìparí ló lọ sílẹ̀! Kí ló dé tí o ò fi àmì sí i?"

"Àmì sí kí ni?"

Iná fóònù rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó wá sí àyà mi.

Ó ní, "O ka fóònù mi."

"Ó tan fúnra rẹ̀."

"Kí lo rò pé mo kọ?"

Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ó tún bèèrè. Mo ní, "Okun."

"Òkun?" Ọkùnrin náà nàka sí fèrèsé.

"Okun. Agbára."

Ó kọ́kọ́ wò mí. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín débi tó fi fi orí gbá kọ́bọ́ọ̀dù. "Èmi? Pẹ̀lú orúnkún mi yìí? Àbúrò mi, gbà mí, ọkọ rẹ á pa mí!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu omi ojú. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ni mo fẹ́ ra irú rẹ̀ fún," ó wí. "Mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ, torí bí o bá mọ̀, o máa ní èyí tí mo fẹ́ rà kò dáa, o sì máa ní mi ò mọ̀ ọ́n pè."

"O kọ 'yín' sí i."

"Àlejò là ń pè ní yín. Ìwọ tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di èèyàn méjì?"

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Okùn tí wọ́n ní fàdákà wà nínú rẹ̀ ní kókó kan nítòsí orí, bí ẹni tó gbé kóró iṣin mì. Mo ka lẹ́tà kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Èyí tó wà lára tèmi náà ni, lẹ́tà fún lẹ́tà.

"Fàdákà dà?" mo bi ọkùnrin náà.

"Ọlọ́jà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Okùn imprimante ni. Mo ra irú rẹ̀ lánàá."

Inú mi dùn. Kí n má parọ́, inú mi dùn gan-an. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo sì ṣàlàyé fún ìyàwó mi pé ẹ̀rọ kan náà ni, okùn kan náà ni, nítorí náà ohùn tó wà lókè àti ohùn tó wà nísàlẹ̀ ti di ọ̀kan, kò sí ohun tó ń wá lókè mọ́. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Ó dáa." Ó wá lọ jókòó sórí àga àlejò. Àga náà dún kó.

"Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni," mo bi í, "kí lo wá jókòó síbí fún?"

"Torí pé níbí mo lè sọ ọ̀rọ̀ kan tán kí ẹnì kan tó tún un ṣe fún mi."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá orin mi, kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí tó fi parí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mò ń bínú, mo sì ní ìdí. Èèyàn kì í fi ohun tó jẹ́ ti tọkọtaya sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó ń fi ọwọ́ kan gbé gáàsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni ẹ̀sùn, ẹni tó bá ń wọn ti ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wọn tirẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí mò ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí a tó jẹ oúnjẹ alẹ́ tán, mo ti ṣe é ní ìgbà mẹ́rin, lẹ́yìn tí mo ti mọ̀ pé mò ń kà á. Mi ò ní kọ ti ọjọ́ yòókù síbí.

Nígbà tí Sọ́ńdè dé, mi ò fi orin sí i. Ó kó aṣọ tó ń rán, ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé mo lè bá ọ lọ?"

"Láti lọ ṣe kí ni?"

"Láti jókòó."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aṣọ tí wọ́n gé bàjẹ́, bóyá ó ṣì ṣeé tún gán. "Bí o bá máa jókòó jẹ́ẹ́."

Ọkùnrin náà gbé àpótí kékeré kan fún mi, kò sọ̀rọ̀ okun rárá, èyí tí mo kà sí dídára rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó fi orin sí i. Òun àti ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ lókè orí mi bí ẹyẹ, mo mú díẹ̀, púpọ̀ bọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara mi ń ta mí bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. Èyí ni wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, èyí gan-an, iwájú mi ni wọ́n sì ti ń ṣe é báyìí. Mo fi ọwọ́ di àpótí mú lábẹ́.

Ìyàwó mi wò mí. Ó dìde, ó fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn kan ra bàtà tuntun fún ìgbéyàwó. Kò fẹ́ kó dọ̀tí, ó so ó kọ́ ọrùn, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti abúlé. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kóun wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ti wú. Wọ́n ya fọ́tò, ó gbé bàtà dání bí ìwé ẹ̀rí."

Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú ohun tó sọ tí kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Mo mọ̀ wọ́n. Èémí rẹ̀ ń kan etí mi, ó ń ta sánsán atalẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi ni, ó sì pẹ́ lẹ́yìn tiwọn.

Ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó sọ ọ́ dé àárín, ó rí i pé kò sí ẹni tó ń gbọ́, ìyàwó mi ṣì ń sọ fún mi bí ojú ẹ̀gbọ́n bàbá náà ṣe rí nínú fọ́tò. Ó wò wá, ó wo àyè tí àga ìyàwó mi wà tẹ́lẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Ojú mi ni.

"Ẹ gbọ́ orin náà báyìí," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì yí bọ́tìnnì sókè.

Orin kún yàrá. Ìyàwó mi tún sún mọ́ mi sí i, kí n lè gbọ́ ohun tó ń sọ.